Owó wa ti pé ₦150,000: kí la fẹ́ kí KiCad kọ́kọ́ ṣe?

Àbẹ̀ní_Bọ́ọ̀dù (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé bọ́ọ̀dù. Owó tí a ń dá jọ fún KiCad ti pé ₦150,000. Ẹni mọ́kàndínlógún ló dá a. Látìgbà tí mo ti kéde rẹ̀ ni fóònù mi ò ti sinmi. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi autorouter sí i, èyí tó máa fúnra rẹ̀ fa ipa bàbà tó so part pọ̀." "Àǹtí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí fóònù." Ẹnì kan tiẹ̀ fẹ́ kó máa sọ iye tí wọ́n ń ta kapásítọ̀ ní Alábà lójoojúmọ́. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí wọ́n bá ṣe é, èmi ni màá kọ́kọ́ lò ó.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: KiCad ni sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán sákíìtì, tí a sì fi ń tẹ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Jean-Pierre Charras ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé ní 1992. CERN, ilé ìwádìí físíìsì ńlá ní Switzerland, bá wọn dá sí i nígbà tó yá, Linux Foundation, àjọ tó ń ti sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba lẹ́yìn, sì gbà wọ́n mọ́ra ní 2019. Ẹ̀dà 9, tó wà lórí ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ nínú wa, jáde ní oṣù Èrèlé 2025.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan, tòun ti ìdí. "Ó máa dáa" kì í ṣe ìdí.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Autorouter ni tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n lọ gbèjà project mi. Ìsopọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà lé ní 140, láti ọjọ́ Ajé ni mo sì ti ń fọwọ́ fa ipa bàbà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo Proteus, sọ́fítíwíà bọ́ọ̀dù míì, tẹ ibì kan, ó lọ jẹun, ó dé, ó bá a pé ó ti parí. Ojú ń tì mí.

---

Ọ̀gá_Sọ́dà (Ìbàdàn)

Má jẹ́ kójú tì ẹ́, ọmọ mi. Ohun tó ò ń wá wà lẹ́yìn ẹ. Nínú PCB editor (ibi tí a ti ń tẹ́ bọ́ọ̀dù), lọ sí File, Export, Specctra DSN. Wá Freerouting, autorouter ọ̀fẹ́ kan, nínú Plugin and Content Manager, gbé fáìlì náà fún un kó wá ọ̀nà, kó o sì kó fáìlì SES tó bá pọ̀ jáde padà wọlé.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Mo lò ó lórí bọ́ọ̀dù cháńjà kan lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ìsopọ̀ ló so, DRC, àyẹ̀wò tí KiCad ń ṣe fún bọ́ọ̀dù, ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ipa tó yẹ kó kúrú jù lọ, èyí tó ti ara IC lọ sí inductor, ńṣe ló gbé e gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, ó gbé e kọjá lábẹ́ ipa feedback (èyí tó ń wọn iná tó ń jáde), ó tún gbé e gòkè wá. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ti Dùgbẹ̀ lọ Mọ́kọlá tó wá gba Ìwó Road. Bọ́ọ̀dù náà ń súfèé lórí tábìlì mi títí mo fi yọ iná rẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ èyí tó ń pariwo nínú wáyà, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Fọwọ́ ara ẹ fa ti iná àti ti ground, kó o wá fún un ní ìyókù.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹ ṣé sà. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi Java sí i.

---

Ọ̀gá_Sọ́dà

Fi í sí i.

---

Adé_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ yìí tó jìnnà, kí a má lọ náwó sí ohun tí wọn ò tà. Owó tí èèyàn bá fi ta KiCad lọ́rẹ, àpò gbogbogbòò ló ń wọ̀. Kò sí ibi tí ẹ ti máa kọ ọ́ sí i pé "ti autorouter ni o". Ẹni tó bá fẹ́ sanwó iṣẹ́ kan pàtó, àwọn kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù rẹ̀ ti dá KiCad Services Corporation sílẹ̀ fún irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, mi ò rò pé ₦150,000 á gbé wa dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Bí wọ́n ṣe ń yan nǹkan rèé, gẹ́gẹ́ bí èmi tí mo ti ń yọjú síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan ṣe rí i. Orí GitLab, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn tàbí ìbéèrè á kọ issue. Wọ́n á fi àmì sí i: èyí tó ń ba iṣẹ́ èèyàn jẹ́ á lọ sókè, èyí tó jẹ́ ohun tó wu èèyàn lásán á gba "wishlist". Àwọn tó bá kàn á máa gbé àtàǹpàkò sókè sí i. Àtàǹpàkò yẹn kì í ṣe ìbò o. Ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó ń ro ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa jókòó tì í ló ń pinnu. Tí ẹ bá rí issue tó ní àtàǹpàkò rẹpẹtẹ tó sì ti dúró fún ọdún márùn-ún, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra yín. Kò tíì sí ẹni tó ní ọwọ́ àti àsìkò ni.

Ẹ wo router tó máa ń ti ipa tó bá wà lọ́nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fa tuntun, èyí tí gbogbo wa ń yangàn rẹ̀. Àwọn CERN ló kọ ọ́, ó sì wọ ẹ̀dà tí gbogbo ayé ń lò nígbà tí 4.0 jáde ní 2015. Kí ló dé tí wọ́n fi kọ ìyẹn, tí wọn ò kọ autorouter? Lójú tèmi, bọ́ọ̀dù ti ara wọn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọwọ́ ni àwọn ẹlẹ́rọ wọn sì fi ń fa ipa. Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n ni wọ́n tún ṣe. Ká ní àtàǹpàkò ni wọ́n kà lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé autorouter ni ì bá borí, àwa náà ì bá sì máa bá ipa bàbà jà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dòní.

Ohun kan tún wà. Oṣù Agẹmọ 2018 ni 5.0 jáde, ó di Ọ̀pẹ 2021 kí 6.0 tó dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sọ ọ́ di ọdọọdún: 7 ní 2023, 8 ní 2024, 9 ní 2025, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún gbogbo wọn. Ohun tí ò bá tíì jinná kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn á dúró de ọdún tó ń bọ̀. Lára ẹ̀dà tó bá ti jáde, àṣìṣe nìkan ni wọ́n ń tún ṣe, wọn kì í fi nǹkan tuntun kún un. Nítorí náà, bí a bá tiẹ̀ béèrè ohun kan lónìí tí wọ́n gbà lọ́la, kò sí nínú 9 láéláé.

---

Ẹlẹ́rọ_Alábà

Ìyẹn ni pé ká máa dáwó, kí wọ́n sì máa ṣe èyí tó bá wù wọ́n? Ẹ dá ₦8,000 mi padà, kí n fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

---

Ọ̀gá_Sọ́dà

Ọdún kẹfà rèé tó o ti ń jẹun lára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Sọ́fítíwíà tó o lò ṣáájú rẹ̀ ńkọ́, èló lo san fún license rẹ̀? Má dáhùn o, ojú gbogbo èèyàn ni a wà yìí.

---

Ẹlẹ́rọ_Alábà

Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú mi láṣìírí. Mo ti fi ₦8,000 sílẹ̀.

---

Àbẹ̀ní_Bọ́ọ̀dù

Ó dáa. Adé, o ṣeun, o ti gbà mí lọ́wọ́ lẹ́tà tí mo ti fẹ́ kọ sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e gba ọ̀nà míì. Bí mo bá bi yín pé kí lẹ fẹ́, ohun tí ẹ rí lọ́wọ́ ẹlòmíì lẹ ó sọ. Fún ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo ẹni tó bá ṣí KiCad kọ ibi tí wákàtí rẹ̀ ṣòfò sí sínú ìwé. Kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ ti le, torí iṣẹ́ tó le náà iṣẹ́ ni. Ibi tí ẹ ti jókòó tí ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé "èmi ni mo wá ń ṣe irú eléyìí?" Ẹ padà wá síbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀.

---

Ìyá_Ìbejì_Sólà (Òṣogbo)

Àbámẹ́ta ti pé, ìwé mi rèé. Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, orí ohun kan náà sì ni.

Controller sólà ni mò ń ṣe, ọ̀kan fún bátìrì 12V, ọ̀kan fún 24V. Bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni. Rẹsísítọ̀ mẹ́fà àti kapásítọ̀ méjì ló yàtọ̀. Láti ẹ̀dà 7 ni wọ́n ti fún wa ní àmì "Do not populate" tí a fi ń sọ pé kí wọ́n má lẹ part kan mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn sì ti gbà mí lọ́wọ́ púpọ̀. Àmọ́ nínú 9, àmì kan ṣoṣo ni. Tí mo bá ti ṣe ti 12V tán, màá tún lọ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ti 24V. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo yí márùn-ún padà nínú mẹ́fà. R14 ṣẹ́ kù. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ka ìwé náà kó tó lọ rajà.

Ní báyìí fódà méjì ni mo ní, bí ẹni tó ń tọ́ ìbejì (mo mọ ohun tí mò ń sọ). Àṣìṣe tí mo bá tún ṣe nínú Táíwò, dandan ni kí n rántí tún un ṣe nínú Kẹ́hìndé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí project kan lè gbé àkójọ part méjì tàbí mẹ́ta.

---

Ẹlẹ́rọ_Alábà

Wákàtí mẹ́fà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í sì í ṣe ẹjọ́ KiCad.

Láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà. KiCad fẹ́ OpenGL 2.1 ó kéré tán kó tó lè lo agbára káàdì àwòrán. Bí kò bá rí i, ó máa padà sórí Cairo, èyí tí kì í lo káàdì náà, máòsì á wá máa rìn bí arúgbó. Mo lọ tún driver fi sí i, ó dáa díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ni dátà. Installer ti Windows tí mo fà wálẹ̀ ju gígábáìtì kan lọ, ó já lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Àwòrán 3D ti part tí mi ò ní fojú kàn láyé mi ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, NẸ́PÀ mú iná nígbà tí mo ń fa ipa lọ́wọ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ò sì gbé e mọ́. Mo ti ń ṣépè. Nígbà tí iná dé tí mo ṣí i, ó ní òun rí ẹ̀dà tí òun fúnra òun ti fi pamọ́, ṣé kí òun gbé e wá? Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni mo pàdánù. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìyẹn.

---

Adé_Peckham

Bọ̀dá, lórí Debian àti Ubuntu, package ọ̀tọ̀ ni àwòrán 3D, orúkọ rẹ̀ ni kicad-packages3d. Ẹ lè fi í sílẹ̀ pátápátá. Bọ́ọ̀dù yín á jáde bó ṣe yẹ láìsí i, ojú nìkan ló pa lára. Kí ẹ tún wo inú fódà project yín, ẹ máa rí ibi tó ń kó backup sí ní zip. Inú Preferences lẹ ti lè sọ iye tí ẹ fẹ́ kó máa tọ́jú.

Ìwé tèmi: wákàtí méjì. Àbúrò mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi bọ́ọ̀dù ránṣẹ́ kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí i nínú 9, mo tún ibì kan ṣe, mo tọ́jú rẹ̀, mo dá a padà. Ẹ̀dà 7 ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ṣí. Gbogbo ohun tí mo ṣe, mo ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu kó máa fọwọ́ ṣe é.

Mo ti fẹ́ béèrè fún "tọ́jú rẹ̀ bí ti ẹ̀dà àtijọ́", títí mo fi rò ó dáadáa. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń mú ohun tí ti tẹ́lẹ̀ ò ní ibi tí yóò fi sí. Tábìlì tí mo fi sínú schematic (àwòrán sákíìtì) ní 9, ibo ni 7 máa gbé e kà? Ẹni tó bá máa kọ ọ́ á máa tún un kọ lọ́dọọdún, fún gbogbo nǹkan tuntun, títí ayé. Èmi ò ní kọ ọ́, mi ò sì lè ní kí ẹlòmíì kọ ọ́. Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ ni kí gbogbo wa níbí fẹnu kò sórí ẹ̀dà kan.

---

Wáyà_Fẹ́lẹ́ (Ìlọrin)

Tèmi ò ṣeé fi wákàtí kà. Ọjọ́ mẹ́ta ni, ó sì dùn mí dé ọkàn.

Fìtílà onílítíọ́ọ̀mù ni mò ń ṣe, bátìrì 3.7V kan ṣoṣo, irú èyí tó ń wọlé tó ń jáde. Kí ẹni tó bá gbé bátìrì sódì má baà ba bọ́ọ̀dù jẹ́, mo fi MOSFET (tíráńsísítọ̀ tó ń ṣí tó ń tì fún iná) sí ẹnu ọ̀nà, AO3401, oníẹsẹ̀ mẹ́ta kékeré inú ara tí wọ́n ń pè ní SOT-23. Ẹsẹ̀ tó ń jẹ́ drain kọjú sí bátìrì, source kọjú sí bọ́ọ̀dù, gate lọ sí ground. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n.

Nínú àwọn symbol (àmì tó dúró fún part nínú àwòrán sákíìtì), oríṣi P-channel lásán, ìyẹn irú MOSFET tí mo lò, tó wà níbẹ̀ pọ̀: Q_PMOS_GSD, Q_PMOS_GDS, Q_PMOS_DGS. Lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn ló ń sọ ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. AO3401 jẹ́ gate, source, drain. GDS ni mo mú. Aago méjì òru ni, mi ò purọ́.

Ọgbọ̀n bọ́ọ̀dù dé láti Ṣáínà. Mo lẹ part mọ́ wọn, mo fi bátìrì sí i, iná tàn. Mo dán gbogbo ọgbọ̀n wò, gbogbo ọgbọ̀n ló tàn. Mo tà á. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ìyá kan gbé ọ̀kan padà wá, ó ti jó dúdú. Ọmọ rẹ̀ ló gbé bátìrì sódì.

Ẹ wo bó ṣe tàn mí. Bí drain àti source bá ṣe pààrọ̀ ara wọn, tí bátìrì sì wà bó ṣe yẹ, gate ṣì kéré sí source, ó máa ṣí, iná máa tàn. Kò sí ohun tó máa fi hàn yín pé nǹkan ṣe é. Ọjọ́ tí bátìrì bá wọlé sódì, díódì tó wà nínú ikùn MOSFET náà á wá kọjú sí ibi tí kò yẹ, á jẹ́ kí iná kọjá. Ìṣọ́nà tí mo gbé sẹ́nu ọ̀nà ló ṣílẹ̀kùn fún olè.

Mo kó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n padà. Mo fi abẹ gé ipa bàbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi wáyà fẹ́lẹ́ dá wọn kọjá ara wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ mi níbí ti wá. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí ERC, àyẹ̀wò àwòrán sákíìtì, máa ké nígbà tí symbol àti footprint (ojú bàbà tí part ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù) ò bá bára mu.

---

Ọ̀gá_Sọ́dà

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Mo ti jó irú ẹ̀ rí. Èyí ni kí a béèrè. Ẹ fi autorouter sílẹ̀.

---

Adé_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, ó ká mi lára, ṣùgbọ́n kò lè ké. Ẹ tẹ ojú kan lára footprint SOT-23, ẹ wo ohun tó kọ sórí rẹ̀: 1, 2, 3. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ èyí tó ń jẹ́ gate. SOT-23 kan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún part ń wọ̀: díódì, tíráńsísítọ̀, regulator. Orúkọ tí ẹ bá rí lórí rẹ̀ nínú PCB editor, symbol ló fún un. Lójú ERC àti DRC, ohun tí bọ̀dá Wáyà_Fẹ́lẹ́ yà ò ní àbùkù rárá, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n rà lọ́jà. Datasheet, ìwé tí ẹni tó ṣe part kọ nípa rẹ̀, nìkan ló mọ òtítọ́, KiCad ò sì lè ka datasheet.

Ohun tó wà, tí ọ̀pọ̀ wa ò kà sí, ni symbol tó dá dúró fún part kan pàtó. Ẹ wá AO3401A nínú Transistor_FET. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti footprint rẹ̀ ti wà lójú kan níbẹ̀, kò sí lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ máa yàn ní aago méjì òru.

---

Wáyà_Fẹ́lẹ́

Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí?

---

Adé_Peckham

Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú.

---

Ìyá_Ìbejì_Sólà

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo part tí a ń rà ló wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà lórí àtẹ ni à ń mú, nígbà míì nọ́ńbà orí rẹ̀ ò tiẹ̀ bá ti orí páálí mu. Bí AO3401 bá tán lọ́jà, wọ́n á ní "màdáámù, ìkan náà ni", wọ́n á na nǹkan míì sí ẹ.

---

Ọmọ_Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ tèmi? Wákàtí mọ́kànlá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé "fífa ipa", kí Ọ̀gá Sọ́dà tó ní kí n fi àwòrán bọ́ọ̀dù náà ránṣẹ́ sí àwọn. Wọn ò fọwọ́ kan ipa kankan. Wọ́n ní kí n yí microcontroller náà ní ìdá mẹ́rin ìyípo, kí n sì gbé connector méjì lọ sí apá òsì. Àwọn okùn tín-ín-rín tó ń fi ìsopọ̀ hàn tú sílẹ̀ bí irun tí wọ́n ya. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi fa ìyókù. Mẹ́jọ tó kù, orí pé mi ò to part dáadáa ló bá lọ. Freerouting náà kọ́kọ́ gbìyànjú lórí èyí tí mo tò lódì, ìsopọ̀ mẹ́sàn-án ló kù tí kò rí ọ̀nà fún.

---

Tìtì_Ọ̀rọ̀ (Houston)

Ohun kan ṣoṣo tèmi ni ìtumọ̀ sí Yorùbá. Orí Weblate ni wọ́n ti ń ṣe ìtumọ̀ KiCad, ẹnikẹ́ni ló lè dá sí i. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ ọ̀rọ̀: track ni "ipa", copper ni "bàbà", via ni "ihò ìsọdá", footprint ni "ojú ẹsẹ̀"...

---

Ẹlẹ́rọ_Alábà

Ojú ẹsẹ̀ ta ni?

---

Ọ̀gá_Sọ́dà

Ẹ̀yin ọmọ yìí. "Ibùjókòó" ni kẹ́ ẹ pè é, ibi tí part ń jókòó sí. Tìtì, iṣẹ́ gidi ni, má dá a dúró, àmọ́ lọ ṣí okùn ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àárín rẹ̀ á gùn. Mo mọ̀ wá.

---

Àbẹ̀ní_Bọ́ọ̀dù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni mọ́kànlá ló mú ìwé wá, àwọn míì fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Autorouter tí gbogbo yín ń pariwo, kò sí wákàtí ẹnì kan tó tìtorí rẹ̀ ṣòfò, títí kan ti Ọmọ_Àkúrẹ́. Part tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá ti bọ́ọ̀dù mu, ẹni márùn-ún. Èyí tí mo fi pamọ́ nínú àwọn márùn-ún náà, èmi ni, regulator ni, ẹ má bi mí.

Ohun tí mo rò rèé. Ti Ìyá Ìbejì nìkan ni ìbéèrè tòótọ́ tó yẹ ká gbé lọ sí GitLab. A ò ní ṣí issue tuntun, torí kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, ẹ̀dà kejì á kàn dá kún iṣẹ́ wọn ni. Abẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ la máa kọ ọ́ sí, pẹ̀lú project 12V àti 24V náà gan-an, kí ẹni tó bá ń kọ kóòdù rẹ̀ ní nǹkan gidi tó lè fi dán an wò. Ìyá Ìbejì, ẹ yọ orúkọ oníbàárà yín kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí mi.

Gbogbo wa á lo 9 títí ọdún yìí á fi parí. Ẹni tó bá ń lo 7, ẹ kàn sí mi, mo ní installer lórí flash, kò sí pé à ń jó dátà.

Owó ńkọ́? ₦100,000 á lọ sọ́dọ̀ wọn bí ẹ̀bùn, láìsí àdéhùn. ₦50,000 tó kù, mo fẹ́ ká fi ra oríṣi part tí a ń lò jù ní Alábà, márùn-ún márùn-ún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba oríṣi mẹ́wàá, á fi mítà wọn ẹsẹ̀ wọn, á gbé datasheet sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ya symbol rẹ̀ pọ̀ mọ́ footprint kan ṣoṣo. Ìlànà tí KiCad fúnra wọn là sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya library (àkójọ symbol àti footprint) ni ká tẹ̀ lé látìbẹ̀rẹ̀, kó lè ṣeé gbé fún wọn bó bá yá. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí owó rẹ̀ wọ ìyẹn, kó sọ kí ọjọ́ Ajé tó dé.

---

Ẹlẹ́rọ_Alábà

Èmi ni màá bá yín rà á. Mo mọ ẹni tí kì í na ìkan náà sí èèyàn.

---

Wáyà_Fẹ́lẹ́

Gbogbo P-channel tó bá wà lọ́jà, ẹ kó wọn fún mi.

---

Ọ̀gá_Sọ́dà

S8050, tíráńsísítọ̀ kan, ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Méjì ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Ti TO-92, èyí tó ní ẹsẹ̀ gígùn, bí ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ bá kọ sí mi, láti òsì: emitter, base, collector. Ti SOT-23, tí wọ́n kọ J3Y sórí: base, emitter, collector. Orúkọ kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Symbol méjì ni màá ya. Ẹni tí datasheet ọwọ́ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí, kó gbé e wá kí n tó tọ́jú fáìlì.